Ìdúró Ráńpẹ́ ní Oríta Ojú Irin

Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ bàbá mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àwòrán dúdú òun funfun ni, ṣùgbọ́n eruku àti èéfín àtùpà ti sọ ibi tí ó funfun nínú rẹ̀ di rúsúrúsú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pé jọ nínú rẹ̀ sí ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré kan, gbogbo wọn sì kọjú sí ọkọ̀ ojú irin tí ó dúró níwájú wọn. Aṣáájú kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ wa nígbà náà ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ rẹ̀ kò dúró pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n fi bu omi sínú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí àwọn ènìyàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, a máa fi ìka kan fìlà kan láàárín èrò náà, a sì máa wí fún àlejò tí ó bá wọlé tọ̀ ọ́ wá pé, "Èmi nìyẹn." Ẹni tí ó dé fìlà náà kọ ẹ̀yìn sí wa, a kò rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò já bàbá rẹ̀ ní koro lójú àlejò?

Mo mẹ́nu ba àwòrán yìí nítorí pé òun ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìtàn bí Abraham Lincoln, Ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe dúró díẹ̀ ní oríta ojú irin kan tí à ń pè ní Hanover Junction ní ọdún 1863. N óò padà sórí àwòrán bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí oríta náà.

Hanover Junction wà ní agbègbè York, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Kì í ṣe ìlú ńlá nígbà náà, kò sì di ìlú ńlá títí di òní. Oríta ni. Ibẹ̀ ni ojú irin kékeré tí ó wá láti ìlú Hanover gbé pàdé ojú irin ńlá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Northern Central, èyí tí ó so Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, mọ́ Harrisburg, tí í ṣe olú-ìlú Pennsylvania. Ní ọdún 1852 ni ojú irin kékeré náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan síbẹ̀, kí èrò tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan lè rí ibi jókòó títí òmíràn yóò fi dé.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí oríta jẹ́. Ibẹ̀ ni a ń gbé ẹbọ sí. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ní Èṣù fi ṣe ibùjókòó. Ìkóríta mẹ́ta ni a sì ní ó máa ń da àlejò láàmú. Ẹni tí ó dé oríta kò tí ì dé ibi tí ó ń rè. Kò sí ẹni tí í dágbére fún ará ilé rẹ̀ pé oríta ni òun ń lọ. Síbẹ̀, kò sí ìrìn àjò tí ó jìnnà tí kò ní oríta tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣi ọ̀nà níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó yára tó, ibòmíràn ni yóò yọ sí.

Ní ọdún 1861 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya ara wọn sọ́tọ̀ kí oko ẹrú má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lincoln àti àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá kò sì gbà kí orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1863, Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tí ó wà ní àwọn ilẹ̀ tí ó ń bá ìjọba rẹ̀ jagun. Ní oṣù Júùnù ọdún náà, ogun dé oríta wa yìí. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin láti Gúúsù ya bo Hanover Junction ní ọjọ́ 27, wọ́n gé wáyà tí a fi ń tẹ ìròyìn, wọ́n sì dáná sun afárá ojú irin. Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 3 oṣù Júláì, ìjà ńlá wáyé ní Gettysburg, tí ó wà ní nǹkan bí 30 máìlì sí ibẹ̀. Àwọn tí ó kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, àwọn tí a mú lẹ́rú àti àwọn tí a wá tì, láti ìhà méjèèjì, tó nǹkan bí 50,000. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tún ojú irin ṣe, oríta yìí ni wọ́n gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ gbà lọ sí ilé ìwòsàn ní Baltimore, ní York àti ní Harrisburg. Kí Ààrẹ tó gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tí wọ́n ń kérora ni ó ti kọ́kọ́ gba ibẹ̀.

Wọ́n wá ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní Gettysburg láti sin àwọn ọmọ ogun Àríwá tí ó kú, wọ́n sì pe Lincoln kí ó wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ níbi ayẹyẹ ìyàsímímọ́ ibẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Nòfẹ́ńbà. Edward Everett, tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ni olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì. Stanton, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun, ṣètò pé kí Ààrẹ gbéra ní ìdájí ọjọ́ ayẹyẹ náà gan-an, kí ó sì padà sílé lálẹ́. Lincoln kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ìrìn àjò àsáréléré bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ohun kékeré kan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo ètò ti dàrú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ oríta ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ilé tù ú lára tí ó fi fẹ́ tètè kúrò: Tad, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ń ṣàìsàn, ìyàwó rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó lọ, nítorí pé ọdún 1862 ni wọ́n pàdánù Willie, ọmọ wọn mìíràn.

Ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ 18, ọkọ̀ Ààrẹ kúrò ní Washington. Ní Baltimore, ẹṣin ni wọ́n fi fa àwọn ọkọ̀ èrò náà gba ojú pópó láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì, nítorí pé ojú irin méjèèjì kò jọ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti doríkọ Hanover Junction. Ètò ni pé kí ọkọ̀ Ààrẹ pàdé ọkọ̀ tí ń gbé Gómìnà Andrew Curtin ti Pennsylvania àti àwọn gómìnà mìíràn bọ̀ láti Harrisburg, kí wọ́n lè jọ wọ Gettysburg. Lincoln dé, Curtin kò dé. Ẹ̀rọ ọkọ̀ àwọn gómìnà ti dá wọn dúró sẹ́yìn. Ẹ wo ọkùnrin tí ó ń pàṣẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀nà ọmọ ogun, tí ó dé oríta tí ó di ẹni tí ń retí ẹni, bí èmi àti ẹ̀yin. Nígbà tí wọ́n retí títí tí wọn kò rí wọn, ọkọ̀ Ààrẹ yà sí ojú irin kékeré, ó sì kọjá lọ.

Ìtàn kò fi ọ̀rọ̀ ńlá kan sílẹ̀ fún wa láti ibẹ̀. Ìlú Hanover, tí ó wà ní nǹkan bí 13 máìlì síwájú, ni èrò ti pe Ààrẹ jáde tí ó fi bá wọn sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó wọ Gettysburg ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ àwọn gómìnà kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Lọ́jọ́ kejì, Everett sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Lincoln sọ ọ̀rọ̀ tí kò ju bí 270 lọ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ó sì jókòó. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ni àwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà ń kọ́ sórí títí di òní.

Bí ọ̀rọ̀ oríta náà bá mọ báyìí, ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n lára àwọn àwòrán tí ó ti ilé iṣẹ́ Mathew Brady, ayàwòrán tí ó gbajúmọ̀ nígbà ogun náà, jáde, a rí àwọn kan tí wọ́n yà ní Hanover Junction. Ilé ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì dúró síta. Láàárín wọn ni ọkùnrin gíga kan wà tí ó dé àkẹtẹ̀ gíga dúdú. Ní ọdún 1952, Josephine Cobb, òṣìṣẹ́ ilé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, ti ṣàwárí ojú Lincoln láàárín èrò nínú àwòrán kan tí wọ́n yà ní Gettysburg lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn onímọ̀ sì gba àwárí náà wọlé. Nígbà tí a bá ti rí i ní Gettysburg, kí ni ó dé tí a kò ní rí i ní oríta? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe fi ìka kan ọkùnrin alákẹtẹ̀ náà tí wọ́n ní, "Òun nìyẹn."

Àwọn òpìtàn tí wọ́n yẹ àwòrán náà wò fínnífínní kò gbà. Àkẹtẹ̀ gíga kì í ṣe ti Lincoln nìkan; òun ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó níyì láyé ìgbà náà ń dé. Ojú ẹni náà kò hàn tó ohun tí a lè fi búra. Kò sì sí ẹ̀rí tí ó dájú tí ó so àwòrán náà mọ́ ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà. Irú rẹ̀ náà ni ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ pé inú ọkọ̀ ojú irin yìí ni Lincoln ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpòòwé. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: orí ìwé ilé ààrẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kí ó tó kúrò ní Washington. Ẹni tí kò fẹ́ sáré dé ibi ayẹyẹ kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ de inú ọkọ̀ tí ń mì.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá àkẹtẹ̀ gíga nínú àwòrán, ẹnì kan wà lẹ́yìn Lincoln ní gbogbo ìrìn àjò náà tí ẹnikẹ́ni kò ronú láti wá. William Johnson ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni. Ó bá Lincoln wá láti Springfield, ní ìpínlẹ̀ Illinois, nígbà tí Lincoln ń lọ gba oyè ààrẹ ní ọdún 1861. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ó bá ní ilé ààrẹ kò gbà á mọ́ra, nítorí pé wọ́n pupa, òun sì dú. Lincoln wá iṣẹ́ ìránṣẹ́ fún un ní ilé iṣẹ́ ìṣúra ìjọba, ṣùgbọ́n Johnson kò yé máa tọ́jú rẹ̀. Òun ni ó bá a lọ sí Gettysburg. Ní alẹ́ ọjọ́ 19, tí wọ́n ń padà bọ̀, tí ọkọ̀ tún gba Hanover Junction kọjá nínú òkùnkùn, orí ń fọ́ Lincoln, ó sì dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé olóde ni ó ń bá a jà. Tirẹ̀ rọ̀, ó sì bọ́ nínú rẹ̀. Johnson náà dùbúlẹ̀ àìsàn yìí. Tirẹ̀ kò rọ̀. Nígbà tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ láti gba owó oṣù rẹ̀, oníròyìn kan bá Ààrẹ níbi tí ó gbé ń bá a ka owó náà, tí ó ń dì í sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí aláìsàn náà ṣe fẹ́. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1864 ni Johnson kú.

Ẹnì kan lè bi mí léèrè pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ oríta òkèèrè yìí. Ní ọdún 1860, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti ọdún 1808, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah, ní ilẹ̀ tí ó di Benin lónìí, lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama. Ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ nǹkan bí ọdún méjì, wà láàárín wọn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbákẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí a túmọ̀ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni nínú wa: ọmọ tí a bí kí gbogbo ènìyàn lè bá ìyá rẹ̀ kẹ́ ẹ. Oko òwú ni wọ́n mú un lọ. Ìṣẹ́gun Àríwá ní ọdún 1865 ni ó dá a sílẹ̀. Ó wá ń jẹ́ Matilda McCrear, ó sì wà láyé títí di ọdún 1940. Ọkọ̀ Ààrẹ kankan kò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó tó ọdún 2020 kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń ro ibi tí ọkọ̀ Lincoln ń lọ lọ́jọ́ náà, Àbákẹ́ ni mo máa ń rò, nítorí pé bí ogun náà bá ṣi ọ̀nà, inú oko yẹn ni yóò dàgbà sí gẹ́gẹ́ bí ẹrú.

Lincoln gba oríta náà kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù Épírì ọdún 1865. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gbé òkú rẹ̀ kúrò ní Washington ní ọjọ́ 21 oṣù náà gba Baltimore àti Hanover Junction lọ sí York àti Harrisburg, ní ọ̀nà Springfield tí ó lé ní 1,600 máìlì. Pósí Willie, ọmọ rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ kò yà sí ojú irin kékeré.

Oríta náà kò parun. Ìjì líle àti àgbàrá ọdún 1972 ba ojú irin ńlá náà jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n tún ilé ibùdókọ̀ ṣe, ní ọdún 2013 sì ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní àfijọ ti ayé ogun náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn àlejò lọ síbẹ̀. Lincoln kọjá níbẹ̀: èyí dájú. Ẹni tí ó wà nínú àwòrán ni Lincoln: èyí jẹ́ ìfẹ́ ọkàn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbólóhùn méjì wọ̀nyí ni gbogbo iṣẹ́ wa. Ohun tí ó dájú kì í fẹ́ àfikún irọ́ kí ó tó níyì.

Mo ti ṣèlérí pé n óò padà sórí àwòrán bàbá mi. Nígbà tí a sin ín tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè wá kí wa. Ó wo àwòrán náà títí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "bàbá yín kò sí nínú èyí. Ta ni yóò fi sígínà sílẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Òun ni ó wà nídìí irin tí a fi ń yí ọ̀nà padà, lẹ́yìn ibùdókọ̀ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lórí ojú irin kejì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì pẹ́nrẹ́n, ẹkún ni à bá sun lọ́jọ́ náà."

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. "Ohun tí bàbá fi yangàn ní gbogbo ayé rẹ̀ ni o fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú sàréè?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì dákẹ́ fún ọdún púpọ̀. Àwòrán náà bọ́ sí ọwọ́ mi, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ tèmi. Nígbà tí àwọn ọmọ mi bá bi mí pé èwo ni bàbá àgbà, èmi náà a máa fi ìka kan fìlà yẹn. Olùkọ́ ìtàn ni mí. Lójoojúmọ́ ni mò ń bi àwọn ọmọ iléèwé mi ní ẹ̀rí ohun tí wọ́n bá kọ.

Ìtàn oríta Hanover ni ó là mí lóye. Kì í ṣe irọ́ bàbá mi ni ó dùn mí jù nínú rẹ̀. Bí kò ṣe pé ó rò pé ẹni tí ó dúró wo ọkọ̀ níyì ju ẹni tí ó ṣí ọ̀nà fún un lọ, tí àwa náà sì ràn án lọ́wọ́ láti rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé fìlà ni a ń bèèrè, a kò bèèrè iṣẹ́ rẹ̀ rí. Mo kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán náà pé bàbá wa kò sí láàárín èrò yìí, pé ìdí sígínà ni ó wà.

Ẹ̀gbọ́n mi bínú. Kò yà sílé mi fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ó wá, ó ka ìwé náà, kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ mìíràn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, níbi tí ó gbé ń fi àwòrán náà han ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo yọjú. Ó gbé ìka kúrò lórí fìlà, ó fi í kan etí àwòrán náà níbi tí ojú irin ti jáde kúrò nínú rẹ̀, ó ní, "Bàbá wa wà lọ́hùn-ún. Òun ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ yìí dé."